Bí Oògùn Apakòkòrò Bá Wọ Ara Èèyàn: Ohun Tí Ẹ Ó Ṣe Kí Ẹ Tó Dé Ọsibítù

Bó bá jẹ́ pé ẹni náà ti wà nílẹ̀ báyìí tí ẹ fi ń ka èyí, ẹ fo àlàyé, ẹ lọ tààrà síbi tí mo kọ "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́" sí. Ẹ padà wá ka ìyókù tí ara bá balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀ka pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú kéékèèké tó yí Àbújá ká. Àwọn tí oògùn kòkòrò bá mú, bí wọ́n ṣe sábà máa ń gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa nìyí: ẹnu pupa fún epo tí wọ́n rọ sí wọn lọ́fun, aṣọ tí májèlé dà sí ṣì wà lọ́rùn wọn. Epo yẹn kò wúlò. Aṣọ yẹn ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ bọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ, àmọ́ ó ní bó ṣe yẹ kí èèyàn ṣe é.

Irú oògùn tí mò ń sọ

Ẹbí kan ni wọ́n, organophosphate ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ni dichlorvos, tí ẹ lè rí DDVP lára ìgò rẹ̀. Òun ló wà nínú Sniper. Òun náà ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ kẹrosíìnì láti fi ṣe ọ̀tápíápíá. Àwọn aládùúgbò wa tó ń sọ Hausa ń pè é ní fiya-fiya. Lóko, orúkọ bíi chlorpyrifos, dimethoate, profenofos àti malathion ni ẹ ó rí lára ike. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa dichlorvos inú ike kékeré, láti 100ml wálẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tápíápíá inú ìgò tí kò ní orúkọ kankan lára kò tíì kúrò lórí àtẹ.

Oògùn apakoríko yàtọ̀ sí wọn. Paraquat, fún àpẹẹrẹ, ọ̀nà míì ló ń gbà pa èèyàn, abẹ́rẹ́ tí mo máa sọ nísàlẹ̀ kò sì ràn án. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ gbé ìgò dání.

Gbogbo èèyàn mọ̀ pé tí wọ́n bá mu ún, ó léwu. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ó ń gba imú wọlé, ó sì ń gba awọ ara wọlé. Ọkùnrin tó gbé táńkì ìfínko kọ́ ẹ̀yìn ní oko Kuje, tí táńkì náà ń jò sí i lẹ́yìn láti àárọ̀ nínú oòrùn, kò fi ẹnu kan nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti gbà á sára. Ìyá tó fi ọ̀tápíápíá pa iná orí ọmọ rẹ̀ náà ti fi í sí ọmọ lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fín yàrá nítorí ìdun, tó ti fèrèsé pa kí oògùn má baà jáde, tó wá sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Yàrá inú ilé olójúlé-kan-kan ní Mararaba kò ní ju fèrèsé kan lọ, ẹ fojú inú wò ó.

Ohun tí oògùn náà ń ṣe ni pé ó ń sọ ohun tó ń dá iṣan ara dúró di aláìlágbára. Iṣan máa ń gba àṣẹ pé kó ṣiṣẹ́, ohun kan sì wà lára tó ń pa àṣẹ yẹn rẹ́ tí iṣẹ́ bá ti parí. Tí oògùn bá ti mú ohun yẹn dè, àṣẹ á kàn máa wọlé ṣáá, bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n ṣí tí kò sẹ́ni tó máa tì í. Gbogbo ibi tí omi ń gbà jáde lára ló máa ṣí. Èyí tó ń pani jù níbẹ̀ ni omi inú ẹ̀dọ̀fóró: inú omi ara rẹ̀ ni èèyàn ti ń rì lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Àmì tí ẹ ó fi dá a mọ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú. Ọmọlójú, ìyẹn dúdú kékeré tó wà láàárín ẹyinjú, á sún kì títí tó fi máa kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kódà nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó, kí ẹ sì fi wé ti ẹlòmíì tó wà nítòsí. Ṣùgbọ́n tí kò bá kéré, ẹ má tìtorí ẹ̀ sọ pé kì í ṣe májèlé. Mo ti rí èyí tí ọmọlójú rẹ̀ fẹ̀.

Lẹ́yìn náà, omi. Itọ́ á máa ṣàn jáde tí kò ní lè gbé mì, omijé á máa dà, ikun imú á máa jáde, òógùn á bò ó títí aṣọ á fi tutù. Á máa bì, inú á máa lọ́ ọ, ó lè ya ìgbẹ́ gbuuru tàbí kó tọ̀ sára láìmọ̀. Mímí á máa dún hàràhàrà, àyà á há, ẹnu á máa hó. Òórùn ara rẹ̀ àti ti èébì lè dà bíi ti kẹrosíìnì tàbí ti áyù.

Iṣan náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fò: ẹ̀rẹ̀kẹ́, èjìká, itan, ẹ ó máa rí i tí ẹran ara ń gbọ̀n jẹ́jẹ́ lábẹ́ awọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ara á wá rọ̀ tí kò ní lè dìde. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dàrú, wárápá lè gbé e, ó sì lè dákú.

Tó bá jẹ́ pé ó fà á símú, àmì lè yọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tó bá mu ún, ó sábà máa ń yọ láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí méjì. Èyí tó gba ara wọlé lè pẹ́ tó wákàtí méjìlá, nígbà tí ẹni tó lọ sóko ti délé, tó ti jẹun, tó ń sọ pé orí ń fọ́ òun àti pé ojú òun ń ṣe bàìbàì. Ẹni tó bá ti lọ fín oògùn láàárọ̀, tí orí fífọ́, òógùn àti inú rírún wá mú un nírọ̀lẹ́, ẹ má fi oògùn ibà bẹ̀rẹ̀.

Ọmọdé ló ń ṣòroó mọ̀ jù. Ìyá á bá ọmọ ọdún méjì nílẹ̀ tó ń gbọ̀n, ariwo á ta pé gìrì ni, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àgbo. Gìrì ọmọdé sábà máa ń bá ara gbígbóná rìn. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbóná, tí itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, tí ọmọlójú rẹ̀ kéré, tí òógùn bò, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn bóyá ìgò kan ti ṣubú. Ọmọdé míì kì í tilẹ̀ yọ itọ́ púpọ̀, á kàn rọ jọwọlọ, oorun á máa kùn ún. Wọ́n ti pe àìsàn yìí ní ikọ́ fée rí nítorí àyà tó ń dún, wọ́n sì ti pè é ní onígbáméjì nítorí ìgbẹ́. Ìbéèrè tó ń tú u sílẹ̀ kò pọ̀: ṣé wọ́n fín nǹkan nínú ilé? Ṣé ẹnì kan lọ sóko? Kí ló wà nínú ike Lacasera tó wà ní igun yẹn?

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́

Ẹ pín iṣẹ́. Ẹnì kan wá ọkọ̀, ẹnì kan pe 112, àwọn méjì wà pẹ̀lú ẹni náà. Níbi tí èèyàn mẹ́wàá ti ń ké "Jésù" àti "Yá Allah" tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan nǹkan, àkókò ló ń lọ.

Àkọ́kọ́, ẹ gbé e kúrò níbi tí oògùn wà. Tó bá jẹ́ yàrá tí wọ́n fín, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fà á síta kíá, kí ẹ má sì dúró níbẹ̀ wò ó.

Ìkejì, ẹ dáàbò bo ọwọ́ ara yín. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ló dára jù. Tí kò bá sí, ẹ ki ọwọ́ bọ ọ̀rá ìlọ́po méjì. Èébì rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀, májèlé ni.

Ìkẹta, ẹ bọ́ gbogbo aṣọ tí oògùn tàbí èébì kàn. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí: fìlà, híjáàbù, síńgílẹ́ẹ̀tì, pátá, ìbọ̀sẹ̀. Aṣọ tó jẹ́ pé orí ni wọ́n ń gbà bọ́, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e, kí ẹ má fi nu ojú àti ẹnu rẹ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ obìnrin, kí obìnrin méjì na ìró yí i ká, ìyẹn tó fún ìtìjú. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú kí ẹ fi aṣọ náà sí i lára. Ẹ di aṣọ sínú ọ̀rá, ẹ so ó, ẹ gbé e síta. Bàtà aláwọ, bẹ́líìtì àti okùn aago aláwọ, ẹ kó wọn dànù pátápátá. Awọ máa ń mu oògùn yìí sínú, fífọ̀ kò sì lè yọ ọ́.

Ìkẹrin, omi àti ọṣẹ. Orí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: irun, ẹ̀yìn etí, ọrùn, abíyá, ìdodo, abẹ́ itan, abẹ́ èékánná. Ẹ má fi kànìnkànìn ha á. Awọ tó bó ń jẹ́ kí oògùn wọlé sí i. Mo mọ̀ pé omi kì í sí lẹ́nu ẹ̀rọ ládùúgbò wa. Ẹ lo gálọ́ọ̀nù mẹ́rúwà tó wà nílẹ̀, ẹ ó ra òmíràn. Tó bá ta sójú, ẹ la ojú náà, kí ẹ máa da omi mímọ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́ imú lọ síta fún ìṣẹ́jú 15. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ó mu ún ni, tí kò dà sí i lára, tí mímí rẹ̀ sì ti ń dún, ẹ má fi ìwẹ̀ jẹ àkókò. Ẹ bọ́ aṣọ tó dọ̀tí, ẹ nu ẹnu àti àyà rẹ̀, ẹ gbéra.

Ìkarùn-ún, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí itọ́ àti èébì lè máa jáde láti igun ẹnu. Ẹ fi aṣọ nu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má gbé e jókòó, ẹ má sì tẹ́ ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀. Tí kò bá mí mọ́, tí kò sì mira, ẹ dà á dojú sókè, ẹ fi ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́ méjèèjì lé ara wọn tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, títí ẹ ó fi rí ẹni tó mọṣẹ́. Ẹ má fi ẹnu yín lé ẹnu rẹ̀.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ rọ sí i lẹ́nu

Epo pupa. Wàrà inú agolo. Omi àgbọn. Ẹyin tútù. Omi iyọ̀. Àgbo. Èédú tí wọ́n lọ̀. Ìka sí ọ̀fun láti mú un bì.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ nínú epo ti wá, àwọn ìyá wa ti fi ṣe ìtọ́jú ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n epo kò ní agbára kankan lórí oògùn yìí. Ẹni tí itọ́ ara rẹ̀ gan-an kò ṣeé gbé mì fún, báwo ló ṣe fẹ́ gbé epo mì? Ẹ̀dọ̀fóró ni epo náà ń gbà lọ. Tí ẹ bá tún mú un bì, kẹrosíìnì inú ọ̀tápíápíá á bá ọ̀nà kan náà wọlé, ìyẹn nìkan sì tó láti pa èèyàn. Èédú wà ní ọsibítù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a fi ń yan àgbàdo, dókítà ló sì mọ ìgbà tó yẹ kó lò ó.

Ìyá àgbà kan á wà níbẹ̀ tí ago epo ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má bá a jà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú ìró yìí dání, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ dókítà ná." Ẹni tí ẹ bá fún níṣẹ́ á gbàgbé epo.

Lójú ọ̀nà

Ẹ gbé ìgò tàbí ike náà dání, nínú ọ̀rá tí ẹ so. Tí ẹ kò bá lè gbé e, ẹ ya fọ́tò ara rẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn: ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀, ẹnu ni àbí ara, báwo ni ohun tó kù nínú ìgò ṣe pọ̀ tó, kí lẹ ti fún un. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti rọ epo sí i lẹ́nu kí ẹ tó ka èyí, ẹ sọ ọ́. A kò ní bú yín.

Ọ̀kadà kò dára fún un nítorí kò lè dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tàbí Kéké NAPEP tó bọ́ sọ́wọ́ dára jù, kí gbogbo fèrèsé sì ṣí. Tí awakọ̀ kò bá gbọ́ Yorùbá tàbí Òyìnbó, "ya sha guba" ni ẹ ó sọ fún ọkùnrin, "ta sha guba" fún obìnrin. Yóò tẹ ọkọ̀ náà.

Ẹ máa pe ọsibítù bí ẹ ṣe ń lọ, kí ẹ bi wọ́n ní ohun méjì: ṣé atropine, ìyẹn abẹ́rẹ́ tó ń gbẹ omi inú ẹ̀dọ̀fóró, wà, ṣé ọ́síjìn wà? Tí kílíníkì tó sún mọ́ yín bá ní atropine, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù ńlá bíi ti Yunifásítì ní Gwagwalada tàbí National Hospital. Láti Kubwa tàbí Nyanya, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lè gba wákàtí kan lọ́wọ́ yín, àyà tó ti kún kò sì ní dúró de ọkọ̀.

Ohun tí wọ́n á ṣe ní ọsibítù

Atropine ni wọ́n á kọ́kọ́ fún un. Ibí ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa àti ìdílé. Ampule kan, ìyẹn ìgò abẹ́rẹ́ kékeré kan, sábà máa ń jẹ́ 0.6mg, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà lè gba 2mg sí 3mg lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì tún un ṣe ní ìlọ́po láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ẹ lè rí i pé wọ́n ní kí ẹ lọ ra ogún ampule, kí wọ́n sì tún ní kí ẹ lọ ra sí i. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ jẹ yín lówó. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà rí.

Bí oògùn bá ti wọ̀ ọ́ dáadáa, ẹnu á gbẹ, ọkàn á máa sáré, ọmọlójú á fẹ̀. Bó bá pọ̀ jù díẹ̀, ara á gbóná, á máa sọ ìsọkúsọ, á máa já okùn díríìpù. Kò yà wèrè. Ẹ pe nọ́ọ̀sì, wọ́n á dín in kù. Wọ́n lè fún un ní diazepam fún gbígbọ̀n, wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ bá a mí. Oògùn kejì tó ń jẹ́ pralidoxime wà, tó wúlò jù tí wọ́n bá tètè fún un, àmọ́ kò pọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ wá a tí wọ́n bá kọ ọ́, ṣùgbọ́n atropine kò gbọ́dọ̀ dúró dè é.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní kílíníkì kéékèèké, ẹ̀yin nìkan ni mo kọ ìpínrọ̀ yìí fún. Ẹ má dúró de àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ má tìtorí pé kò sí ọ́síjìn dá atropine dúró, ẹ má sì tìtorí ọkàn tó ń sáré kọ̀ ọ́. Àyà ni kí ẹ máa gbọ́: ìgbà tó bá gbẹ, tí ìlù ọkàn kọjá 80, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti òkè kọjá 80, ni ẹ ó dẹ́kun ìlọ́po. Ọmọlójú kọ́ ni òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn náà, ìdá mẹ́wàá sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tó gbà ni ẹ ó máa fà sí i lára ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ti ọmọdé bẹ̀rẹ̀ láti 0.02mg sí 0.05mg fún kílò kan. Tó bá di pé ẹ fẹ́ ki ọ̀pá sí i lọ́fun, ẹ má lo suxamethonium.

Lẹ́yìn tó bá ti jí

Ọjọ́ kejì ni ìdílé máa ń fẹ́ gbé èèyàn wọn lọ sílé nítorí bíìlì: ó ti jí, ó ti mu kòkó, ó ń bá àlejò ṣeré. Àfi kí ẹ dúró. Láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹrin, àìlera kan wà tó lè padà yọ wẹ́rẹ́, tó máa mú iṣan ọrùn, èjìká àti ti mímí. Ẹ sọ fún un láàárọ̀ àti lálẹ́ pé kó gbé orí rẹ̀ kúrò lórí pílò láìfọwọ́ti. Tó bá gbé e lánàá tí kò lè gbé e lónìí, ẹ pariwo pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Tó bá ti dé ilé, tó wá di bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tí ẹsẹ̀ ń ta á, tó ń kú, tàbí tó ń wọ́lẹ̀, ẹ gbé e padà, àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí máa ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́ nígbà tó bá yá.

Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ mu ún, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ̀rù ọlọ́pàá àti ìtìjú ló ń mú kí ìdílé sọ pé "ó ṣèèṣì mu ún ni", a ó sì dá a sílẹ̀ lọ sílé láìjẹ́ pé dókítà ọpọlọ rí i. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ má sì gbé pásítọ̀ tàbí àfáà wá láti wá bá a wí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ gbígbọ́ ló nílò. Kí ó tó padà délé, kí ẹnì kan ti kó gbogbo oògùn kòkòrò kúrò níbẹ̀.

Nínú ilé àti lóko

Ẹ̀wà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ní 2015, Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà Nàìjíríà dúró nítorí dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀, àwa sì ń jẹ ẹ́ níbí. Oògùn yẹn kò wà fún ẹ̀wà tí èèyàn máa jẹ. Ẹni tó ń kó ẹ̀wà pamọ́, kó ra àpò PICS: ọ̀rá méjì nínú, àpò òde kan, wọ́n ń tà á káàkiri òkè ọya. Ẹ̀wà á gbẹ dáadáa, ẹ ó so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí afẹ́fẹ́ má wọlé, kòkòrò inú rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀. Kéègì tó mọ́, tó gbẹ, tí ìdérí rẹ̀ ń dé gírígírí náà ń ṣe é fún ẹ̀wà díẹ̀.

Ẹni tó ń fín oko: aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, bàtà rọ́bà, ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, kí oòrùn tó mú. Bí ẹnu ìfín bá dí, ẹ fi ìgbálẹ̀ tàbí omi ṣí i, ẹ má fi ẹnu fọn ọ́n; mo rí ọ̀pọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ, kí wọ́n sì fọ aṣọ oko lọ́tọ̀.

Oògùn kì í kúrò nínú ike tó bá wá. Ẹ má bù ú sínú ike omi, ẹ má bù ú fún aládùúgbò. Ike tó bá ṣófo, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ da omi rẹ̀ sínú táńkì ìfínko, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ gún ìdí ike náà kí ẹnikẹ́ni má fi pọnmi.